Àdéhùn Tí Ó De Ẹnì Kan Ṣoṣo: Ọ̀rọ̀ Owó Àwọn Agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà

Bí àwọn aláṣẹ ilé-ìwé kan bá kọ̀wé sí olùkọ́ kan pé: a gbà ọ́ sí iṣẹ́ fún ọdún 5, owó tí ìwọ yóò gbà fún ọdún márààrún sì nìyí, ṣùgbọ́n bí ó bá wù wá ní ìparí ọdún kìíní, a lè ní kí o máa lọ ilé láì san kọ́bọ̀ nínú owó ọdún 4 tí ó kù, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ ní tìrẹ kò gbọdọ̀ fi wá sílẹ̀ lọ sí ilé-ìwé mìíràn títí ọdún márààrún yóò fi pé. Ǹjẹ́ olùkọ́ wo ni yóò fi ọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀? A mọ̀ pé àwọn olùkọ́ tí í ka ojú ìwé yìí yóò rẹ́rìn-ín sí i. Wọn yóò ní iwọ̀fà ni àwọn ènìyàn náà ń wá, kì í ṣe olùkọ́.

Síbẹ̀, irú ìwé yìí gan-an ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó lágbára jùlọ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń fọwọ́ sí lọ́dọọdún. Àwọn tí à ń wí ni àwọn tí ń fi bọ́ọ̀lù jẹun nínú ìdíje tí wọ́n ń pè ní NFL. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí àwa ń fi ẹsẹ̀ gbá. Bọ́ọ̀lù tiwọn gùn bí ẹyin, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá tí wọ́n sì fi ń jù ú, àwọn alátakò a sì máa fi gbogbo ara kọlu ẹni tí ó bá gbé e lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ 32 ni ó wà nínú ìdíje náà. Òṣèré tí kò bá ní oríire lè ti ọ̀sẹ̀ kìíní dé ilé ìwòsàn, kí ó má sì padà sí orí pápá mọ́ láéláé. Nínú iṣẹ́ tí ó léwu tó báyìí ni ẹgbẹ́ ti ní àǹfààní láti ya ìwé àdéhùn lójijì.

Nítorí náà ni ó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ ìròyìn pé agbábọ́ọ̀lù kan ní Amẹ́ríkà gba ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là béèrè ohun kan kí ó tó pariwo: èló ni a fi ọwọ́ sọ̀yà fún un nínú rẹ̀? Owó tí a fi ọwọ́ sọ̀yà ni owó tí ẹgbẹ́ gbọdọ̀ san, ìbáà jẹ́ pé òṣèré náà ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ìbáà jẹ́ pé wọ́n lé e. Ìyókù dàbí ìlérí ọkọ ìyàwó ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Àní nínú owó àfọwọ́sọ̀yà pàápàá, oríṣi wà. Òmíràn ti dájú láti ọjọ́ tí a ti fọwọ́ sí ìwé. Òmíràn sì wà tí ó jẹ́ pé kìkì bí òṣèré bá fara pa ni yóò gbà á. Bí ara rẹ̀ bá le ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ kò wu ẹgbẹ́ mọ́, wọn a ní kí ó máa lọ. Àwọn oníròyìn a máa ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, aráyé a sì máa pariwo olówó.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọdún 2018 wò. Ní ọdún náà, Earl Thomas, ògbóǹtarìgì adènà ẹ̀yìn fún ẹgbẹ́ Seattle, kọ̀ láti bá wọn lọ sí ibùdó ìgbaradì, nítorí ó fẹ́ kí wọ́n fún un ní àdéhùn titun tí ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ lé kí èyí tí ó ń lò lọ́wọ́ tó parí. Wọn kò dá a lóhùn. Nígbà tí ìdíje bẹ̀rẹ̀, ó padà sí ẹnu iṣẹ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, nínú eré kan ní Arizona, ẹsẹ̀ rẹ̀ dá. Bí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ kékeré gbé e jáde nínú pápá, ó na ìka àbùkù sí ìhà ibi tí àwọn ẹgbẹ́ òun fúnra rẹ̀ jókòó sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bá a wí nítorí ìwà náà. Àwa náà kò ní gba ọmọ ilé-ìwé níyànjú láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń bà á lẹ́rù ni ó dé bá a, lójú gbogbo ayé, ní orí iṣẹ́ àwọn tí ó bẹ̀ tí wọn kò gbọ́.

Ní ọdún kan náà ni Le'Veon Bell, tí ń gbé bọ́ọ̀lù sá fún ẹgbẹ́ Pittsburgh, ṣe ohun tí ó le ju ti Thomas lọ. Láti mọ ohun tí ó bí i nínú, a ní láti ṣàlàyé àṣà kan tí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ní. Bí àdéhùn òṣèré kan bá parí, tí ó yẹ kí ó lómìnira láti lọ sí ibi tí ó wù ú, ẹgbẹ́ rẹ̀ lè lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn lára bí ẹni lu òǹtẹ̀ mọ́ àpò kòkó. Ọdún kan péré ni òǹtẹ̀ náà wà fún, owó rẹ̀ sì tóbi ní tòótọ́, nítorí iye tí àwọn àgbà òṣèré ipò náà ń gbà ni wọ́n fi ń dá a. Ṣùgbọ́n bí ọdún náà bá parí, wọ́n tún lè lù ú lẹ́ẹ̀kejì. Pittsburgh lu òǹtẹ̀ mọ́ Bell ní 2017; ó ṣiṣẹ́. Wọ́n tún lù ú mọ́ ọn ní 2018, pẹ̀lú mílíọ̀nù 14.5 dọ́là. Ó ní òun kò ṣe. Ó mọ̀ pé ẹni tí ń gbé bọ́ọ̀lù sá ni ìyà ìkọlù pọ̀ fún jùlọ, àti pé bí orúnkún òun bá yẹ̀, kò sí owó kankan tí ó dájú fún òun lẹ́yìn ọdún kan náà. Ó jókòó sí ilé ní gbogbo ìdíje ọdún náà, ó sì pàdánù owó tí ó tó 855,000 dọ́là ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Kí ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe? Lára àwọn tí ń là ọ̀nà fún un nínú pápá bẹ̀rẹ̀ sí bú u lójú àwọn oníròyìn. Nígbà tí ọjọ́ tí ó lè padà ti kọjá nínú oṣù kọkànlá, àwọn kan lọ sí ibi tí ó ń kó ẹrù sí, wọ́n kó bàtà rẹ̀ lọ. Nígbà tí a ka èyí, ó dùn wá ju ọ̀rọ̀ àwọn olówó lọ. Òṣìṣẹ́ tí ó dá nìkan yan iṣẹ́ lódì, tí àwọn ará ilé rẹ̀ sì ń pín bàtà rẹ̀, ó ti rí ohun tí ojú ń rí. Bell rí iṣẹ́ ní New York ní oṣù kẹta 2019, àdéhùn ọdún 4 fún mílíọ̀nù 52.5 dọ́là, tí a kéde pé 35 nínú rẹ̀ jẹ́ àfọwọ́sọ̀yà. Ní oṣù kẹwàá 2020, wọ́n lé e. Bí kò bá ṣe ti owó àfọwọ́sọ̀yà ni, ìbá ti kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú owó ọdún kan àti àbọ̀ nìkan.

Ọ̀ràn yìí kò ṣàì kan ọmọ tiwa. Adéwálé Ògúnlẹ́yẹ, tí orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tí ilé baba rẹ̀ wà, Brooklyn ni wọ́n bí i sí. Ó fara pa ní orúnkún ní Yunifásítì Indiana, nítorí náà kò sí ẹgbẹ́ kan tí ó yàn án ní ọjọ́ tí wọ́n ń yan àwọn ọ̀dọ́. Miami gbà á láì yàn án. Ní ọdún 2003, ó gbé ajubọ́ọ̀lù àwọn alátakò ṣánlẹ̀ ní ìgbà 15, kò sì sí ẹni tí ó tó o nínú gbogbo ẹgbẹ́ 16 tí ó wà ní ìhà tiwọn. Nígbà tí ó béèrè owó tí ó bá iṣẹ́ yìí mu, tí wọn kò sì fẹ́ san án, ó kọ̀ láti wá sí ibùdó ní 2004. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Miami fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Chicago, Chicago sì fún un ní àdéhùn ọdún 6. Ẹni tí ó ti mọ bí orúnkún kan ṣe lè sọ ènìyàn di ẹni tí a kò yàn, a ha lè bá a wí pé ó ní ojúkòkòrò bí?

Àwọn kan lè béèrè pé, ṣé àwọn wọ̀nyí kò ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni? Wọ́n ní i láti ọdún 1956. Ìjà wọn pẹ́. Kí ẹgbẹ́ náà tó dé, ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ William Radovich, tí ń gbá bọ́ọ̀lù fún Detroit, bẹ̀bẹ̀ ní 1946 pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ sí Los Angeles, nítorí ara baba òun kò yá. Wọ́n kọ̀. Ó lọ bá ẹgbẹ́ kan nínú ìdíje mìíràn ní ìlú náà, àwọn aláṣẹ NFL sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé dúdú, tí ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ gbà á lẹ́yìn náà fi bẹ̀rù. Ó pe ẹjọ́. Ní 1957, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà dá a pé òfin tí ó ka ìmùlẹ̀ àwọn oníṣòwò léèwọ̀ kan bọ́ọ̀lù pẹ̀lú. Ìdájọ́ yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí ó tẹ̀ lé e.

Ní 1987, wọ́n yan iṣẹ́ lódì fún ọjọ́ 24. Àwọn olówó gba àwọn òṣèré mìíràn sí ipò wọn, wọ́n ń bá eré lọ, díẹ̀ nínú àwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká sì fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ padà sí ẹnu iṣẹ́. Ìyanṣẹ́lódì náà fọ́ yángá. Ilé-ẹjọ́ ni wọ́n tún gbà lọ, nígbà tí ìgbìmọ̀ ẹjọ́ ní Minneapolis sì dá wọn láre ní 1992, àwọn olówó jókòó ti àdéhùn ní 1993. Òṣèré gba òmìnira láti lọ sí ibi tí ó wù ú nígbà tí ọdún rẹ̀ bá pé. Àwọn olówó gba òpin kan, iye tí ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ ná ju bẹ́ẹ̀ lọ sórí owó òṣèré, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1994 ní mílíọ̀nù 34.6 dọ́là. Nípa owó àfọwọ́sọ̀yà, kò sí òfin kan tí ó kà á léèwọ̀ láti ìgbà náà títí di òní. Ẹ kíyè sí i dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òfin ni. Àṣà ni, ẹni tí ó lágbára ni ó sì dá a sílẹ̀.

Ohun tí òfin ṣe ni pé ó di ojú ọ̀nà. Àdéhùn àpapọ̀ ti 2020 fi ìtanràn 50,000 dọ́là lé orí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹni tí ó ní àdéhùn bá kọ̀ láti wá sí ibùdó, ẹgbẹ́ kò sì gbọdọ̀ fi ìtanràn náà ji àgbà òṣèré. Ohun tí ó wá ti ibẹ̀ jáde ń pa wá lẹ́rìn-ín. Àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí wá sí ibùdó, wọ́n ń jẹun, wọ́n ń ṣe ìpàdé, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. T. J. Watt ṣe bẹ́ẹ̀ ní Pittsburgh yìí kan náà ní 2021, ó sì gba mílíọ̀nù 112 dọ́là fún ọdún 4, tí a fi ọwọ́ sọ̀yà fún 80 nínú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ilé tí Bell fi sílẹ̀ ni ó yọ̀ǹda fún Watt. Bí wọ́n bá di ẹnu ihò kan, òkété a gba ihò mìíràn jáde.

Ó yẹ kí a gbọ́ ti àwọn olówó pẹ̀lú. Wọ́n ní ewu iṣẹ́ náà kì í ṣe ti òṣèré nìkan: bí a bá fi ọwọ́ sọ̀yà fún ọdún 5, tí ẹni náà sì fara pa ní ọdún kìíní, owó náà yóò há mọ́ ẹgbẹ́ lọ́wọ́, yóò sì wà lábẹ́ òpin tí a dá fún wọn, tí wọn kò fi ní rí owó ra ẹlòmíràn. Ẹ̀rí wọn ni ti Deshaun Watson. Ní oṣù kẹta 2022, ẹgbẹ́ Cleveland gbà á láti Houston, wọ́n fún un ní mílíọ̀nù 230 dọ́là fún ọdún 5, gbogbo rẹ̀ ni a sì fi ọwọ́ sọ̀yà. Ní àkókò náà, àwọn obìnrin tí ó lé ní 20 ti pè é lẹ́jọ́ pé ó hu ìwà àìtọ́ sí wọn. Òun ní òun kò jẹ̀bi, àwọn ìgbìmọ̀ ẹjọ́ ní Texas kò sì fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn án. NFL dá a dúró fún eré 11. Lẹ́yìn náà èjìká rẹ̀ bàjẹ́ ní 2023, iṣan gìgísẹ̀ rẹ̀ sì já ní 2024. Eré 19 péré ni ó gbá nínú ọdún 3. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé Cleveland rí èrè níbẹ̀.

Àwa kò kọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ní ìwúwo. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìṣirò. Nínú gbogbo ẹgbẹ́ 32, ti Green Bay nìkan ni ó jẹ́ ti àwọn ará ìlú, nítorí náà ni ó fi ń kéde owó rẹ̀ ní gbangba lọ́dọọdún. Nínú ìṣírò ọdún tí ó parí ní oṣù kẹta 2025, ó fi hàn pé ìpín tí ẹgbẹ́ náà gbà láti inú àpò àpapọ̀, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ owó tẹlifíṣọ̀n, jẹ́ mílíọ̀nù 432.6 dọ́là. Ọgbọọgba ni wọ́n ń pín in. Òpin tí a dá fún owó àwọn òṣèré ní ọdún 2025 jẹ́ mílíọ̀nù 279.2. Ìyẹn ni pé kí ẹnikẹ́ni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kan ní ẹnu ọ̀nà, a ti san owó gbogbo òṣèré, ó sì ti ṣẹ́ kù ju mílíọ̀nù 150 lọ. Oníṣòwò tí ó mọ̀ pé òun yóò jèrè kí ilẹ̀ tó mọ́ kò yẹ kí ó máa sunkún nítorí orúnkún ẹni kan. Òfin àtijọ́ kan tilẹ̀ wà nínú ìdíje náà, pé ẹgbẹ́ gbọdọ̀ kó púpọ̀ nínú owó tí ó bá fi ọwọ́ sọ̀yà fún ọjọ́ iwájú pamọ́ sí ọ̀tọ̀. Ayé ìgbà tí ẹgbẹ́ lè wọ gbèsè kú ni òfin náà ti wá. Lóde òní àwáwí lásán ni.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lẹ́yìn àdéhùn Watson, Steve Bisciotti tí ó ni ẹgbẹ́ Baltimore sọ ní gbangba pé ìbá wu òun kí Cleveland má fi ọwọ́ sọ̀yà fún gbogbo rẹ̀. Ajubọ́ọ̀lù tirẹ̀, Lamar Jackson, kò ní aṣojú. Ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń dá ọ̀rọ̀ náà rò. Jackson ti gba oyè òṣèré tí ó dára jùlọ ní 2019, kò sì sí ìwà àbùkù kan lọ́rùn rẹ̀. Ní oṣù kẹta 2023, Baltimore lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, irú èyí tí ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ mìíràn láti fi owó lọ̀ ọ́. Ó kéde pé òun fẹ́ lọ. Nínú ẹgbẹ́ 31 tí ó kù, kò sí ọ̀kan tí ó fi àdéhùn lọ̀ ọ́. Ní oṣù kẹrin ó gba mílíọ̀nù 260 fún ọdún 5, 185 nínú rẹ̀ ni a pè ní àfọwọ́sọ̀yà, ṣùgbọ́n 135 ni ó dájú ní ọjọ́ tí ó fọwọ́ sí i.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn òṣèré ti pe ẹjọ́ pé àwọn olówó dìtẹ̀. Onílàjà tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà, Christopher Droney, dá a ní oṣù kìíní 2025. Ó ní ẹ̀rí kò tó láti fi hàn pé àwọn ẹgbẹ́ dìtẹ̀ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n ó rí i dájú pé nínú ìpàdé àwọn olówó ní oṣù kẹta 2022, ìgbìmọ̀ àwọn aláṣẹ ìdíje náà, pẹ̀lú àṣẹ ọ̀gá àgbà wọn, rọ àwọn ẹgbẹ́ láti dín owó àfọwọ́sọ̀yà kù. Ọ̀rọ̀ tí àwọn olówó méjì kọ sí ara wọn nípa àdéhùn Kyler Murray ti Arizona wà nínú ìwé ìdájọ́ náà, níbi tí ọ̀kan ti kí èkejì pé àdéhùn náà yóò ran òun náà lọ́wọ́.

Ṣé ẹ̀yin òǹkàwé wa rò pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yóò lu agogo káàkiri ìlú nítorí èyí? Wọ́n fi ìwé ìdájọ́ náà pamọ́ fún àwọn òṣèré tí wọ́n ń ṣojú fún. Wọ́n ti gbà pẹ̀lú àwọn olówó pé kí ó jẹ́ ìkọ̀kọ̀. Oníròyìn Pablo Torre ni ó gbé e jáde ní oṣù kẹfà 2025. Nítorí èyí àti àwọn ọ̀ràn mìíràn, Lloyd Howell tí ó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ náà fi ipò sílẹ̀ ní oṣù keje. A ti bá àwọn olówó wí tó. Ṣùgbọ́n ti ẹni tí ń gba owó ìdá lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, tí ó sì fi ohun tí ó kan òṣìṣẹ́ pamọ́ fún un, ó burú ju tiwọn lọ. Àwọn olówó kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé tirẹ̀ ni àwọn ń ṣe.

Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí àwa mọ̀, òfin àjọ FIFA ni pé kí tọ̀túntòsì mú àdéhùn ṣẹ títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé, àfi bí ìdí tí ó tọ́ bá wà. Láti 2018 sì ni òfin náà ti wí pé òṣèré tí a bá jẹ ní owó oṣù 2 lè fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìkìlọ̀ ọjọ́ 15. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òfin rere tó. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ilé wa tí ń ké gbàjarè owó oṣù mọ̀ pé ìwé lè dára kí àpò sì ṣófo. Ti Amẹ́ríkà ni òdìkejì: owó wà, ìwé ni kò dára.

Ibi tí nǹkan ti ń yí padà kò jẹ́ ọ̀dọ̀ àwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé ni. Àwọn tí a bá yàn ní ìpele kìíní ti ń gba àfọwọ́sọ̀yà gbogbo owó ọdún 4 wọn. Àwọn ìpele kejì kò rí i gbà. Ní 2025, Houston fún ẹni tí a yàn sí ipò 34, Jayden Higgins, ní gbogbo owó rẹ̀ ní àfọwọ́sọ̀yà. Cleveland gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Carson Schwesinger tí a yàn ṣáájú rẹ̀. Ni àwọn 30 tí ó kù bá kọ̀, wọn kò fọwọ́ sí ohunkóhun títí di àárín oṣù keje, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìyanṣẹ́lódì tí ẹnikẹ́ni pè. Nígbà tí ọjọ́ ibùdó dé, ẹgbẹ́ púpọ̀ ni ó fi kún owó àfọwọ́sọ̀yà, New Orleans sì fi ọwọ́ sọ̀yà fún gbogbo owó ẹni ipò 40.

Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà ni Dallas pàdánù Micah Parsons. Jerry Jones tí ó ni ẹgbẹ́ náà bá ọ̀dọ́mọkùnrin yìí sọ̀rọ̀ owó ní ìkọ̀kọ̀ láì pe aṣojú rẹ̀, ó sì ń sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn ti parí rẹ̀. Parsons ní òun kò bá a parí nǹkan kan. Green Bay, ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú tí a fi ìṣirò rẹ̀ hàn lókè, ni ó gbà á, tí ó fún un ní mílíọ̀nù 188 fún ọdún 4, tí 120 sì dájú ní ọjọ́ tí ó fọwọ́ sí i.

Àdéhùn àpapọ̀ tí ó wà láàrin àwọn òṣèré àti àwọn olówó yóò parí lẹ́yìn ìdíje ọdún 2030. Àwọn ọmọ ìpele kejì ti 2025, àwọn tí orúnkún wọn bá ṣì mú wọn dúró títí di ìgbà náà, ni yóò jẹ́ àgbà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ tí wọn yóò jókòó láti kọ òmíràn.